Ìkòkò Tí Wọn Kì Í Fi Hàn Wolé-wolé: Ìrìn-àjò Wa sí Hárárì

Láti ìgbà tí mo ti dé, ìrọ̀lẹ́ kan kì í kọjá kí ẹnìkan má yà sí ẹ̀yìnkùlé mi láti bi mí bóyá lóòótọ́ ni mo bá ọmọ mi lọ sí òkèèrè nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Lóòótọ́ ni. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹjọ́, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Ọ̀rọ̀ tí a fi ń pe etí ni. Àwọn tó ń gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn ti bu iyọ̀ sí i. Ẹnìkan tilẹ̀ sọ fún ìyàwó mi lọ́jà Ajah pé wọ́n fẹ́ gé etí ọmọ náà ni mo fi sáré tẹ̀lé e. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Kí a tó kúrò nílé

Gbogbo yín lẹ mọ Múínátù, àkọ́bí mi, tó ń ka èdè Lárúbáwá ní yunifásítì. Lọ́dún tí ogun abẹ́lé parí, ó wá bá mi létí ọ̀sà, níbi tí mo ti ń wo àwọn tó ń tún àwọ̀n ṣe.

"Bàbá mi, mo fẹ́ lọ sí Etiópíà."

"Kí ló wà níbẹ̀?"

"Ẹ̀rí ni mò ń wá lọ."

"Ẹ̀rí kí ni? Ta ló kú?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Èdè kan ló kú, Bàbá mi. Òun ló bí èdè Lárúbáwá, òun ló bí èdè Hébérù, òun náà ló sì bí èdè tí wọ́n ń sọ ní Etiópíà. Ó ti kú kí ẹnikẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń pe etí nínú èdè náà ni mò ń wá."

Mo ní báwo ni èèyàn ṣe ń wá ohun tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀. Ó wá bi mí bóyá mo rí àwòrán bàbá-ńlá wa tó kọ́kọ́ tẹ̀dó sétí omi yìí rí. Mo ní ta ló ní kámẹ́rà nígbà náà.

"Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé imú wọn tẹ́."

"Mo mọ̀ dájú. Àwa tí a wà níbí, àwọn tó lọ sí Ìkátẹ́, àwọn tó lọ sí Ṣàngótẹ̀dó, imú kan náà ló wà lójú gbogbo wa."

"Iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí àwọn ọmọ tó jọ ń gbé ilé kan bá ń rìn bákan náà ńkọ́, ṣé bàbá-ńlá ló ń rìn bẹ́ẹ̀?"

Mo ronú. "Rárá. Ìrìn kì í ṣe imú. Wọ́n lè kọ́ ọ lára ara wọn."

"Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro mi wà," ó wí.

Ó ṣàlàyé pé udhun ni àwọn Lárúbáwá ń pe etí. Àwọn ará ayé àtijọ́ kan tó ń kọ̀wé sára amọ̀ ń pè é ní uznu, àwọn Júù sì ń pè é ní ozen. Ṣùgbọ́n nínú ìwé àtijọ́ àwọn ará Etiópíà, ezn ni. U tó wà níwájú rẹ̀ ti lọ. Olùkọ́ rẹ̀ wá ń ṣiyèméjì bóyá u náà wà lẹ́nu bàbá-ńlá rárá. Ìlú kan wà tó ń jẹ́ Hárárì, Etiópíà ló wà, èdè àtijọ́ yìí sì ni èdè wọn bá tan, arìnrìn-àjò kan sì kọ ọ́ pé uzun ni wọ́n ń pe etí. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹlẹ́rìí ńlá nìyẹn. Àmọ́ Mùsùlùmí ni wọ́n, wọ́n ti ń kéú láti ayébáyé. Kò sì sẹ́ni tó mọ̀ bóyá Lárúbáwá ni wọ́n fún arìnrìn-àjò náà tí kò gbọ́ ọ dáadáa. Olùkọ́ ní kí Múínátù lọ gba ohùn wọn sínú rẹ́kọ́dà. Bí kò bá rí i gbà, iṣẹ́ rẹ̀ láti ọdún mélòó kan yóò di òfo, wọn kò sì ní jẹ́ kó tẹ̀síwájú.

Ìyá rẹ̀ ti ń gbọ́ wa láti ìdí ààrò. "Bàbá Múínà, ẹ bá a lọ," ó wí. "Kí ẹ sì mú un bọ̀."

Mo di ẹrù mi. Kẹ́tù wa tí a fi ń se omi ni mo kọ́kọ́ dì. Ẹni tó bá ti ṣe wolé-wolé bíi tèmi, tó ti yọjú sínú ìkòkò omi láti Ajah dé Ìkátẹ́, kò ní mu omi ilẹ̀ àjèjì láìsè é.

Ìlú òkè

Ní olú ìlú wọn, Ádísì, òtútù ló kọ́kọ́ kí wa káàbọ̀. Orí òkè ni ìlú náà wà. Bí mo bá rìn díẹ̀, èémí mi a máa yára bíi ti ẹni tó wa ọkọ̀ ojú omi lòdì sí ìgbì. Mo rò pé àìsàn ti wọ̀ mí lára. Múínátù ní afẹ́fẹ́ òkè ni. Síbẹ̀, mo gbé ọwọ́ lé iwájú orí òun náà wò láàárọ̀ àti lálẹ́.

Ìwà wọn wù mí. Wọn kì í kí èèyàn lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n sì dákẹ́. Wọ́n á béèrè àlàáfíà rẹ, wọ́n á béèrè ti ilé, wọ́n á tẹrí ba, wọ́n á sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, bí ìgbà tí àwọn àgbà wa bá pàdé lọ́nà oko. Oúnjẹ wọn ló kọ́kọ́ bá mi jà. Ohun pẹlẹbẹ kan ni, ó fẹ̀ bí àtẹ, ó rọ̀, ó sì ní ihò wẹ́ẹ́rẹ́-wẹ́ẹ́rẹ́ lójú. Mo gbé e súnmọ́ imú.

"Múínà, má jẹ ẹ́. Ó ti kan."

"Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, Bàbá mi. Ṣé ògì wa kì í kan ni?"

Ibi tí mo ti ń wá èsì ni obìnrin tó gbà wá lálejò ti ká òkèlè kan, ó rì í sínú ọbẹ̀ ata, ó nawọ́ rẹ̀, ó sì tì í bọ̀ mí lẹ́nu. Ọwọ́ ara rẹ̀! Múínátù yára sọ pé ọ̀wọ̀ ńlá ni, pé bí mo bá tu ú, a ti bú ilé náà. Mo wo ọwọ́ obìnrin náà. Ó mọ́. Mo gbé e mì. Òkèlè kejì ń bọ̀ kí omijé ata àkọ́kọ́ tó gbẹ lójú mi.

Inú odi

Hárárì yàtọ̀. Odi àtijọ́ ló yí i ká, inú odi náà sì jẹ́ ọ̀nà tóóró-tóóró láàárín ògiri funfun, tí ìwọ àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó ru igi ìdáná kò fi lè kọjá lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹnìkan kò bá fara mọ́ ògiri. Òórùn kọfí tí wọ́n ń yan ń tẹ̀lé èèyàn láti ojúlé dé ojúlé. Àwọn ará ibẹ̀ kì í dárúkọ ìlú wọn. Ìlú ni wọ́n ń pè é, bíi pé kò sí òmíràn láyé.

Yúsúfù ló gbà wá sílé. Oníṣòwò kọfí ni, ó gbọ́ Lárúbáwá, ó sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀. Ará mọ́ṣáláṣí kan ní Ádísì ló júwe wa fún un. Ìyá rẹ̀, tí gbogbo ilé ń pè ní Umma, ló dàgbà jù níbẹ̀. Kò sí àga nínú ilé náà. Pèpéle ni wọ́n mọ, èyí ga, èyí rẹlẹ̀, wọ́n fi amọ̀ pupa kun ilẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹní aláràbarà sórí rẹ̀, apẹ̀rẹ̀ olóríṣiríṣi àwọ̀ sì bo ara ògiri títí dé òkè.

Yúsúfù nawọ́ sí pèpéle ńlá tó wà láàárín. Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe tọ́ wa: àlejò tó bá mọ ìwà kì í lọ gúnwà láàárín ilé onílé. Mo ní rárá, ibi kékeré tó mi. Mo wá jókòó sórí pèpéle tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn.

Umma, tó ń hun apẹ̀rẹ̀, dá ọwọ́ dúró.

"Bàbá," Yúsúfù wí, ó ń wá ọ̀nà tí yóò fi sọ ọ́, "àyè olórí ilé nìyẹn. Ibẹ̀ ló ti máa ń rí ẹni tó ń bọ̀ kí ẹni tó ń bọ̀ tó rí i. Láti ìgbà tí bàbá mi ti kú, ẹnikẹ́ni kò jókòó síbẹ̀. Èmi pàápàá kò jókòó síbẹ̀."

Mo fò dìde bí ẹni tí ìjàlọ ta. Mo tọrọ àforíjì lédè Yorùbá, mo tọrọ rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì, Múínátù sì tọrọ rẹ̀ ní Lárúbáwá, ó wà lórí ìkúnlẹ̀. Umma kọ ẹ̀yìn sí wa, ó ń hun apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ. Nígbà tí Yúsúfù ṣàlàyé ohun tí rẹ́kọ́dà ń ṣe fún àwọn obìnrin ilé, àwọn yòókù gbà. Umma ní kí wọ́n gbé e síbi tó wù wọ́n, òun kò ní bá àpótí sọ̀rọ̀, pàápàá àpótí àwọn tí kò mọ ìjókòó.

Ìbéèrè

A bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Òfin kan ni olùkọ́ fún Múínátù: òun kò gbọdọ̀ kọ́kọ́ dárúkọ ohun náà. Yóò fọwọ́ kan etí rẹ̀, yóò sì ní, "Kí lẹ ń pe èyí?"

Télọ̀ tó wà lẹ́nu odi dáhùn pé udhun. Tíṣà kan ní udhun. Alùfáà kan ní udhun, ó sì fi ayọ̀ ka ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti jáde nínú Kùránì. Lárúbáwá ni gbogbo rẹ̀.

"Èdè tiyín ńkọ́?" Múínátù á tún bi wọ́n.

"Bákan náà ni," wọ́n á wí, wọ́n á sì bu kọfí fún wa.

Ó béèrè etí, ó béèrè eyín, ó béèrè ahọ́n. Lárúbáwá ni wọ́n ń fún un. Oúnjẹ kò wọlé sí ọmọ náà lẹ́nu mọ́. Ọjọ́ kan ó yọ téèpù kúrò nínú rẹ́kọ́dà, ó ní, "Bàbá mi, ó jọ pé olùkọ́ mi ló jàre. Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé."

N kò fẹ́ràn bí ohùn rẹ̀ ṣe rí. Mo pe Yúsúfù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, nígbà tí ẹ bá wà nílé, tí ẹ kò sí lọ́dọ̀ àlejò, ṣé udhun náà lẹ ń sọ?"

Ó wo ilẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Bàbá, Mùsùlùmí bíi tiwa ni yín, ẹ tún ti ọ̀nà jíjìn wá. Ṣé ọ̀rọ̀ ìdí ààrò ni ká wá gbé síwájú yín?"

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ jẹ́ ká bá ara wa sọ òótọ́. Nígbà tí mo ń wá bẹ ilé yín wò, ìkòkò wo lẹ fi ń hàn mí? Tuntun, tó ní ọmọrí, tí ẹ fi aṣọ funfun bò. Ìyẹn kọ́ lẹ ń mu. Èyí tí ẹ ń mu wà lẹ́yìn ilé, igbá ń léfòó nínú rẹ̀. Kì í ṣe pé ẹ fẹ́ purọ́. Ẹ ń bọlá fún àlejò ni. Mo sì mọ̀ pé bí mo bá béèrè títí ilẹ̀ fi ṣú, ìkòkò kan náà lẹ ó máa fi hàn mí. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé màá jókòó. Màá máa bá yín sọ̀rọ̀ òjò, màá máa bá yín sọ̀rọ̀ ẹja, títí òùngbẹ á fi gbẹ ará ilé, tí á sì gba ibi ìkòkò tòótọ́ lọ.

Mo padà lọ bá ọmọ mi. "Tún téèpù yẹn fi síbẹ̀. A kò lọ síbì kankan. Láti òní lọ, o kò ní béèrè ohunkóhun mọ́."

"Ìgbà wo ni màá wá gbọ́ ọ?"

"Ìgbà tí òùngbẹ bá gbẹ wọ́n."

Ìjókòó

Múínátù bọ́ sáàárín àwọn obìnrin tó ń hun apẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kò yá, wọ́n ń tú ohun tó bá hun, wọ́n sì ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Rẹ́kọ́dà wà lẹ́bàá wọn, ojú wọn mọ́ ọn bí ojú ṣe ń mọ́ àga. Èmi a máa jókòó sí kọ̀rọ̀ pèpéle kékeré kan tí Yúsúfù fi hàn mí. Wọ́n a máa bu ohun mímu kan fún mi, ewé igi kọfí tí wọ́n sè pẹ̀lú wàrà àti iyọ̀. Mo wo bó ṣe ń hó dáadáa lórí iná kí n tó gbà á. Nígbà tó yá, èmi ni mo máa ń béèrè rẹ̀.

Bí mo bá jáde, àwọn èèyàn a máa fọwọ́ kan agbádá mi, wọ́n a ní aṣọ yìí tó fún ẹni mẹ́ta. Fìlà abetí-ajá mi ni wọn kì í yé wò. Kò sẹ́ni tó bi mí orúkọ rẹ̀, n kò sì sọ ọ́. Mo ti ń ṣọ́ ẹnu mi kí n má bàa dárúkọ etí. Ó jẹ́ ohun àjèjì sí mi kí gbogbo ọjà máa wo èèyàn láìsí ìkórìíra. Bí mo ṣe ń wo ilé yín rí nìyẹn, mo rò ó nínú ara mi.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, mo wà lágbàlá, mò ń se omi mi, mo gbọ́ ariwo àwọn ọkùnrin ní ọ̀nà ìta. Wọ́n ń jà, ohùn wọn ń súnmọ́ ilé. Ara mi kò gbà á. Mo fi kẹ́tù sílẹ̀, mo sáré wọlé, mo rí Múínátù láàárín àwọn obìnrin. Mo wá ibi tí mo ti lè máa rí òun àti ẹnu ọ̀nà pa pọ̀, mo sì jókòó síbẹ̀.

Ohùn Umma já bí àrá. Ó ju abẹ́rẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó nawọ́ sí mi, ó sọ̀rọ̀ kan, ó tún un sọ. Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín, ọ̀kan tilẹ̀ fẹ̀yìn lélẹ̀. Ìgbà náà ni mo mọ ibi tí mo jókòó sí.

Mo bojú wo Múínátù kó bá mi bẹ̀ wọ́n. Ó gan síbẹ̀, ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Kí ni wọ́n wí?" mo bi Yúsúfù, tó wọlé bí Umma ṣe ń pariwo, pẹ̀lú ìròyìn pé ẹrù kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kan tó dànù ni wọ́n ń jà lé lórí.

Ojú tì í. "Bàbá, ẹ má bínú. Wọ́n ní ẹ wo ọkùnrin yìí, fìlà rẹ̀ ní etí méjì, òun alára kò ní ẹyọ kan."

"Uzun!" Múínátù kígbe. "Uzun ni wọ́n pè é, Bàbá mi! Ẹ̀ẹ̀mejì! Kì í ṣe udhun!" Ó wo rẹ́kọ́dà, téèpù ń yí. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọkùnrin, ó di ẹsẹ̀ Umma mú, ó ń sunkún.

Umma rò pé ẹ̀bẹ̀ ni ó ń bẹ̀ nítorí tèmi. Ó fọwọ́ kàn án lórí, ó ní kó dìde, pé òun kò bínú tó bẹ́ẹ̀. Ó tún wá bojú wò mí, ó pariwo. Yúsúfù kò nílò láti túmọ̀ rẹ̀: mo ṣì jókòó síbẹ̀.

Ìràwọ̀

Nígbà tí Múínátù ṣàlàyé ohun tí a wá ṣe, àwọn obìnrin náà rẹ́rìn-ín pé ìbá ti wí. Ọ̀rọ̀ ìdí ààrò ló wù ú? Ó pọ̀! Láti ọjọ́ náà wọ́n kò fi ìkòkò pamọ́ fún un mọ́. Ó kọ ọ̀rọ̀ bàbá-ńlá náà sórí ìwé kan fún mi, udhn, ó sì ya ìràwọ̀ kékeré síwájú rẹ̀.

"Kí ni ìràwọ̀ ń ṣe níbẹ̀?"

"Ó túmọ̀ sí pé kò sẹ́ni alààyè tó gbọ́ ọ rí. Àwọn ọmọ rẹ̀ nìkan la gbọ́." Lẹ́yìn náà ó rọra ní, "Bàbá mi, imú kan kò tó láti fi mọ ojú bàbá-ńlá. Egungun ṣì wà, eyín wà, ahọ́n wà. Mo fẹ́ dúró títí òjò wọn á fi dá."

Mo ní kò ṣeé ṣe. A jọ jiyàn, ó dé etígbọ̀ọ́ Umma, ó sì bi Yúsúfù ohun tó ń bà mí lẹ́rù. Mo kà á fún un bó ṣe wà lọ́kàn mi: omi, ibà, òtútù, àwọn ọkùnrin, ọ̀nà, àti pé bí ó bá kígbe, n kò ní gbọ́ láti Ajah.

Ìyá àgbà náà gbọ́ ọ títí dé òpin. Ó wá dìde, ó fi ọwọ́ ra ògiri, ó rìn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn, ó sì gun pèpéle náà.

"Láti ọjọ́ tí ọkọ mi ti kú, n kò jókòó síbí," ó wí, Yúsúfù sì ń túmọ̀. "Bí o bá lọ, ibí ni màá wà. Kò sẹ́ni tó máa wọlé tọ ọmọ rẹ wá tí n kò ní rí."

Mo ní, "Omi ńkọ́?"

Wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ó wò mí bí ẹni ń wo ọmọ kékeré.

"Ẹ sọ fún un kó fi kẹ́tù rẹ̀ sílẹ̀."

Ilé

Èmi nìkan ni mo padà. Kí n tó dé Ajah, mo kọ́kọ́ gbé téèpù lọ fún olùkọ́ rẹ̀. Ó gbọ́ ọ, ó dá a padà, ó tún gbọ́ ọ. Ó ní ohùn ẹni tó ń bínú bẹ́ẹ̀ kò lè jẹ́ ohùn ẹni tó ń bọlá fún àlejò. Ó ní kí ọmọ náà máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ni ó pe àwọn olùkọ́ yòókù wọlé láti wá gbọ́ bí wọ́n ṣe bú mi. Mo jókòó, mo gbà á.

Ìyàwó mi ti wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí mo dé. Ó wo ẹ̀yìn mi, ó tún wo ojú ọ̀nà.

"Ọmọ mi dà?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un lórí ìdúró, láìfi ohunkóhun pamọ́. Nígbà tí mo dé orí ìyá àgbà náà, ó dá mi dúró.

"Ibi tí wọ́n jókòó sí yẹn, ṣé wọ́n ń rí ojú ọ̀nà?"

"Wọ́n ń rí i."

"Ṣé wọ́n ń rí Múínà?"

"Wọ́n ń rí i."

Ó gba àpótí lọ́wọ́ mi, ó gbé e sílẹ̀, ó tú u wò. "Kẹ́tù wa dà?"

"Mo fi sílẹ̀ fún wọn."

Ó fi ìdérí àpótí dé e padà. "Ẹ wá jókòó," ó wí. Ó lọ gbé ìkòkò ọbẹ̀ kaná, kí ó lè fi se omi tí mo máa mu.